Ilé Tó Gbóná fún Àlejò

Ọ̀dà funfun ti ta sí Sìdíkàt nímú, ó ti ta sí i ní ìbòrí, síbẹ̀ kò tíì kun ìdajì ògiri náà. Orí àga kíṣìnnì ló dúró lé, obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì lé dúdú tí ọ̀rinrin mú hù sára ògiri pálọ̀ bí ẹni ń lé adìẹ nídìí ọkà. Bó bá ti kun ọwọ́ kan, dúdú náà á rọra yọjú padà lábẹ́ ọ̀dà.

"O ò ní í dójú tì mí," ló ń sọ fún ògiri. "Ó di ọjọ́ mìíràn. Kì í ṣe òní."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá. Aago mẹ́wàá ni àlejò ń bọ̀.

Ìjọba ló rán àlejò náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ni Yusrah, ọmọ kan ṣoṣo tí Sìdíkàt bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester, ti forúkọ ilé wọn sílẹ̀ fún ètò ìrànwọ́ kan. Ètò náà kò ṣòroó yé èèyàn: bí ilé rẹ bá tutù jù, tí owó tó ń wọlé fún ọ ò tó nǹkan, tí àìsàn sì wà lára ẹnì kan nínú ilé, wọ́n á bá ọ yọ bọ́ílà ògbólógbòó tí kò mú ilé gbóná mọ́ dànù, wọ́n á dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní hítì pọ́ọ̀ǹpù kalẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó jọ ẹ̀rọ amúlétutù tó máa ń pariwo lẹ́yìn ilé àwọn olówó Ìkejà, àmọ́ ooru ni tìrẹ ń fà wọlé lásìkò òtútù. Ọ̀fẹ́ ni. Kìkì pé wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnì kan wá wò ó bóyá ilé náà tutù lóòótọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o: bóyá ó tutù lóòótọ́. Sìdíkàt wá tan hítà mẹ́ta.

Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Méjì yòókù, ọwọ́ Lọ́lá ló ti yá wọn, aládùúgbò wọn tó máa ń jí lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́. Láti ìdájí ni hítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jó. Ilé tí atẹ́gùn máa ń rìn kiri inú rẹ̀ bí onílé wá gbóná débi pé fèrèsé ń làágùn.

Ká má purọ́, Yusrah ti kìlọ̀. Ó pè lánàá. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe anything o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ilé yẹn bó ṣe wà."

"Mo ti gbọ́."

"Mummy, I'm serious."

"Mo ní mo ti gbọ́, Yusrah."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹni tó gbọ́ ló ń kun ògiri yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé kan tí páànù rẹ̀ ń jò, ìyá rẹ̀ ò sì jẹ́ kí àlejò kankan mọ̀ pé ó ń jò. Bí òjò bá ká àlejò mọ́lé, ibi tí kò jò ni ìyá Sìdíkàt á tẹ́ ẹní sí fún un. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó síbi tó ń jò, á máa rẹ́rìn-ín, á máa béèrè àwọn ará ilé àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di ìgbà tí onítọ̀hún bá lọ kó tó bọ́ aṣọ, kó fún omi dànù lára rẹ̀. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni yóò wí fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Sìdíkàt gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí London, kò sì tíì sọ ọ́ nù títí dòní.

Làtíìfù ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó wọ kóòtù, ó wé ìborùn mọ́rùn, bó ṣe máa ń wà nínú ilé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní oṣù Kìíní tó kọjá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù pẹ̀lú rọ́bà ní imú. Dókítà obìnrin kan ló pe Sìdíkàt sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: "Òtútù ilé yín wà lára ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá tún lo ìgbà òtútù mìíràn báyìí, mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan fún yín." Ìgbà òtútù mìíràn náà ló ti dé yìí.

Ọkùnrin náà dúró láàárín pálọ̀, ó wo hítà ọ̀tún, ó wo tòsì. "Sìdí, ṣé Iléyá ti dé ni?"

"Àlejò ló ń bọ̀."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ooru, ó dijú. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú un. Ó wú u, ó wú u, ó ní láti di àga mú. Sìdíkàt sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Yusrah, ẹ tètè máa lọ sí mọ́sáláṣí. Àlejò ò gbọdọ̀ bá yín báyìí."

"Ṣé kì í ṣe torí mi ni àlejò ṣe ń bọ̀ ni?"

"Ẹ máa lọ jàre. Tíì yín ti wà nínú fúláàsì."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba fúláàsì, ó jáde. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ni Làtíìfù ti ń jáde lọ sí mọ́sáláṣí ní òròòwúrọ̀, kì í sì í wọlé títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú. Inú Sìdíkàt ń dùn sí i. Ọkùnrin tí kì í rójú kírun lásìkò nígbà tó ń wa bọ́ọ̀sì ti wá di ẹni Ọlọ́run lọ́jọ́ ogbó.

Bó ṣe lọ tán, Sìdíkàt ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn pa. Yàrá yẹn kọjá ohun tí ọ̀dà lè bò. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sùn, ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn lára ògiri, ibẹ̀ sì ni bùláńkẹ́ẹ̀tì márùn-ún wà lórí ibùsùn kan. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ó kì í sínú.

Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ ni agogo ilẹ̀kùn dún. Òyìnbó ni Sìdíkàt ń retí, Òyìnbó onírùngbọ̀n kan, kò mọ ìdí. Ọmọbìnrin dúdú kan ló bá lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì ńlá léjìká.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Tinúadé lorúkọ mi. I'm here for the survey." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀, báàgì ò jẹ́ kó délẹ̀.

Inú Sìdíkàt dùn, àyà rẹ̀ sì já. Bó bá ṣe Òyìnbó ni, kò burú. Òyìnbó á rí ògiri dúdú, á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ sílé rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá! Ọmọ Yorùbá, tí Sìdíkàt bi léèrè ilé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó sì lóun ń gbé pẹ̀lú ìyá òun ní Deptford, ìyá tí kò ní ṣàìlọ́rẹ̀ẹ́, ọ̀rẹ́ tí kò ní ṣàìmáa ra iṣu ní ọjà Rye Lane. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ayé á ti gbọ́ pé ilé àwọn Làtíìfù ti bu.

"Wọlé, ọmọ mi. Jókòó. Ẹyin àti dòdò ti wà nílẹ̀."

"Wọn ò kí ń jẹ́ ká jẹun lẹ́nu iṣẹ́ ma." Ohùn Òyìnbó wà lára Yorùbá rẹ̀, àmọ́ ó ń gbìyànjú. Ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Mummy, ó gbóná níbí o! Ilé yín gbóná ju flat tiwa lọ."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Tinúadé yọ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta. Ó wo ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ooru: méjìlélógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè.

"Ṣé ilé máa ń tutù ma?"

"Tutù kẹ̀? Ìwọ náà ò rí i bí?"

"Daddy ńkọ́? Ó wà níbí pé wọ́n ní chest problem."

"Ara wọn ti le. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn lọ sí mọ́sáláṣí láàárọ̀ yìí. A dúpẹ́."

"Ṣé wọ́n ṣì máa ń wúkọ́?"

"Ta ni kì í wúkọ́ ní London?"

Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé ìdí yàrá ẹ̀yìn, ó di ilẹ̀kùn mú, kò ṣí. "Ibí yìí ńkọ́ ma?"

"Ẹrù la kó síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọ nù." Kọ́kọ́rọ́ náà ń gún un ní ìbàdí bó ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí pálọ̀, Tinúadé fi ẹ̀rọ eléyín méjì kan kan ògiri. Ẹ̀rọ náà ké. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún ké.

"Mummy, ògiri yìí ní omi nínú o."

"Ọ̀dà ni. Kò tíì gbẹ ni."

Tinúadé wo ògiri. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì tó yọ orí lẹ́yìn àga. Ó wo ojú Sìdíkàt, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. "Ohun tí mo bá rí àti ohun tí ẹ bá sọ fún mi nìkan ni mo lè kọ, ma," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí wàhálà."

Ọmọ náà kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jọ. Sìdíkàt ti di dòdò sínú ike áísìkiriìmù, ó ti fipá tì í bọ inú báàgì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Tinúadé ti yíjú padà.

"Mummy, kí n sọ òótọ́ fún yín. Pẹ̀lú ohun tí mo kọ yìí, ilé yín ò ní yege. Ilé tó tutù ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. But it's good news, àbí? Ẹ ò nílò ẹ̀." Ó dúró, bí ẹni ń retí èsì. "Mo ṣì ní ilé méjì láti wò ní àdúgbò yìí. Tó bá di five o'clock, mo máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì máa ti list yẹn pa. Nọ́ńbà mi rèé. Tí ẹ bá rántí nǹkan kan, ẹ pè mí."

"O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi kí ìyá ẹ."

Ilẹ̀kùn pa dé. Sìdíkàt dúró pẹ̀lú káàdì náà lọ́wọ́. Ilé gbóná, ilé mọ́, ilé ń rùn ọ̀dà. Àlejò ti lọ, kò rí nǹkan kan tó lè fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ dókítà ló kàn ń bọ̀ lọ́kàn rẹ̀ léraléra: *mi ò lè ṣèlérí*. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Kí ni mo ṣe yìí? Kí ni mo fọwọ́ ara mi ṣe?

Yusrah kọ́ ni yóò pè. Yusrah á sunkún. Làtíìfù ni yóò bá. Ó ju kóòtù sọ́rùn, ó pa hítà, ó gbọ̀nà mọ́sáláṣí lọ.

Níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí ló ti bá Basit, ọkùnrin tó máa ń tọ́jú mọ́sáláṣí náà, tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ bá mi pe Bàbá Yusrah."

Basit gbé ojú sókè. "Bàbá Yusrah? Mummy, Jímọ̀ nìkan la máa ń rí wọn níbí o. A tiẹ̀ ti ń sọ pé bóyá ara wọn ò yá."

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá síbí."

"Rárá ma."

Ẹ má bi mí ohun tó sọ sí Sìdíkàt lọ́kàn. Ọkọ rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ohun tó máa ń sọ sí obìnrin lọ́kàn bí ọkọ bá purọ́ ibi tó ń lọ náà ló sọ sí i. Basit rí ojú rẹ̀, ó tètè fi kún un: "Ṣùgbọ́n mo máa ń rí wọn nínú bọ́ọ̀sì nọ́ńbà méjìlá. Ìsàlẹ̀, lẹ́yìn, ìjókòó kan náà. Mo rò pé wọ́n ń lọ sí ọsibítù ni."

Sìdíkàt lọ dúró ní ibùdókọ̀. Nọ́ńbà méjìlá kan dé, ó yọjú wò ó láti ojú fèrèsé, kò sí Làtíìfù níbẹ̀. Èkejì dé, kò sí i. Òjò wínníwínní ń rọ̀ sí i lára. Nínú ẹ̀kẹta, ó rí fìlà kan tó fara ti gíláàsì. Ó wọlé.

Làtíìfù ń sùn. Fúláàsì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, páàsì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún àgbàlagbà wọ bọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ṣí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tí Sìdíkàt ti rí i láì fi bọ́tìnnì há ara rẹ̀ mọ́. Ó jókòó tì í. Ooru kan ń fẹ́ jáde lábẹ́ ìjókòó náà, ó ń fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ náà gbóná.

Ojú Làtíìfù là. "Sìdí? Àlejò ti lọ?"

"Ẹ ní mọ́sáláṣí lẹ ń lọ."

Ó fi ẹsẹ̀ kan abẹ́ ìjókòó bí bọ́ọ̀sì ti ń sún mọ́ Camberwell. "Abẹ́ ìjókòó yìí ni ooru ti máa ń jáde jù. Mo wa irú ẹ̀ títí, mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá lọ títí dé Oxford Circus tí mo sì padà, wákàtí méjì ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé òtútù ń mú yín tó báyìí?"

"Kí n wá sọ pé kí ni? Pé ilé tí mo rà fún ọ ò ṣeé gbé?" Ó wo ìta, sí àwọn ilé ìtajà Walworth Road tó ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. "Àti pé hítà kan ṣoṣo ló wà. Bí mo bá ti jáde, ó kéré tán, wàá lè dá yá ooru rẹ̀ dáadáa."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí Làtíìfù bá ti jáde láàárọ̀, ṣe ni Sìdíkàt máa ń pa hítà náà, kí owó iná má baà tán lórí mítà kó tó wọlé. Òun á wá jókòó sí kíṣìnnì nínú kóòtù títí di ìrọ̀lẹ́, á máa fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé ọkọ òun wà ní mọ́sáláṣí, níbi tó gbóná. Gbogbo òwúrọ̀ oṣù kan gbáko, hítà wà ní pípa, ẹni méjì ń fi ooru rẹ̀ tọrẹ fún ara wọn.

Ó rántí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó rántí bí aṣọ tó ti rin ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń béèrè lọ́wọ́ àlejò bóyá àwọn ọmọ wà dáadáa. Kò tíì bi ara rẹ̀ rí bóyá òtútù máa ń mú obìnrin yẹn. Ìyá rẹ̀ ò sì fìgbà kan sọ ọ́, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó yọ káàdì láti inú àpò, ó tẹ nọ́ńbà.

"Tinúadé, ọmọ mi. Èmi Mummy tàárọ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ." Obìnrin kan níwájú wọn yíjú padà. Sìdíkàt ò rẹ ohùn sílẹ̀. "Òtútù ń pa wá. Yàrá tí mo tì yẹn, ibẹ̀ là ń sùn. Hítà méjì nínú mẹ́ta yẹn, mo yá wọn ni. Inú bọ́ọ̀sì ni bàbá wọn ti ń lọ yá ooru."

"Mummy, mo rí ọ̀dà ní imú yín," Tinúadé ní. "Mo kàn ń retí pé ẹ máa pè ni. Three o'clock, mo máa wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan nǹkan kan."

Wọ́n padà sílé. Sìdíkàt dá hítà méjèèjì padà fún Lọ́lá, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó sì jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn nínú kóòtù. Kò pẹ́ tí òtútù fi dé. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó gba etí fèrèsé, ó dé orúnkún, ó dé èjìká. Ní pálọ̀, dúdú ti yọ padà lára ògiri.

"Ojú ń tì mí," Sìdíkàt wí.

"Èmi náà," Làtíìfù wí.

Aago mẹ́ta géérégé ni Tinúadé dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bọ́ kóòtù. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀: mọ́kànlá. Ó dúró níwájú ògiri yàrá náà, ó fi ẹ̀rọ eléyín méjì kàn án, ó sì jẹ́ kó ké bó ṣe fẹ́. Ó ka bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ya fọ́tò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Làtíìfù.

"Daddy, ẹ káàsán o. Ṣé ara le?"

Làtíìfù la ẹnu. Sìdíkàt mọ ọ̀rọ̀ tó wà ní orí ahọ́n rẹ̀; ọdún mọ́kànlélógójì làwọn méjèèjì ti jọ ń fi dá gbogbo ayé lóhùn. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó padà.

"Ara ò le, ọmọ mi," ó ní. "Kò le rárá." Ikọ́ sì mú un.

Sìdíkàt fẹ́ dìde lọ gbé omi kaná, kó lè bá àlejò wá nǹkan mu. Ó ti dìde dé ìdajì kó tó tún jókòó. Ó mú ọwọ́ Làtíìfù nínú àpò kóòtù, ọwọ́ tó gbóná nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Ó ti tutù padà bí irin. Ó di ọwọ́ náà mú, ó nà án sí Tinúadé.

"Fọwọ́ kàn án wò," ó ní.